Ẹni Tó Gbé Ilé Rìn, Ó Gbé Ẹ̀gbin Rìn: Láti Chicago Dé Badlands

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wo àwòrán àwọn tí ń fi ọkọ̀ RV rin ìrìn-àjò ní Amẹ́ríkà yóò ti rí òkè gíga, adágún omi, iná igi ní alẹ́, àti àwọn ọmọdé tí ń sáré káàkiri lórí koríko. Ohun tí a kì í sábà rí nínú àwòrán ni ibi tí bàbá ilé ti wọ ìbọ̀wọ́, tí ó lóṣòó lẹ́bàá ihò kan nínú kọnkéré, tí ó ń tú ohun tí ìdílé rẹ̀ ti kó jọ láti ọjọ́ mẹ́ta dànù. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí kò bá sí ihò yẹn, ìrìn-àjò náà kò lè kọjá ọjọ́ kẹrin.

Ọ̀rọ̀ ihò yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdí oúnjẹ. Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹun tán kí ẹ tó máa kà á lọ.

Ilé tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin

RV ni ọkọ̀ tí a kọ́ ilé sí nínú. Èyí tí a háyà ní ẹ̀bá Chicago nínú oṣù Keje gùn tó mítà mẹ́sàn-án. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, sítóòfù gáàsì wà níbẹ̀, fíríìjì wà níbẹ̀, ibi ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré tí ẹni tó sanra kò lè yí padà nínú rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwa márùn-ún ni a wọ̀ ọ́: èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjì, àti màmá mi tí ó wá kí wa láti Èkó. A fẹ́ gba ìpínlẹ̀ Iowa kọjá, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní Des Moines, kí a sì ti ibẹ̀ forí lé South Dakota láti lọ wo àwọn àpáta Badlands.

Táǹkì mẹ́ta ni ó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà. Èkínní ni ti omi mímọ́, tí ó gba gálọ́ọ̀nù 40, ìyẹn nǹkan bí lítà 150. Èkejì ni èyí tí àwọn onímọ́tò náà ń pè ní táǹkì eléérú; inú rẹ̀ ni omi ìwẹ̀ àti omi ìfọwo ń ṣàn sí. Ẹ̀kẹta ni táǹkì dúdú, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Gálọ́ọ̀nù 30 ni táǹkì dúdú tiwa gbà, ó lé ní lítà 113. Bí ó bá kún, ó wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ. Ẹ fojú inú wò ó: àpò sìmẹ́ǹtì méjì ìgbọ̀nsẹ̀ ń bá yín rìn lábẹ́ pákó tí ẹ jókòó lé láti jẹ ìrẹsì.

Nígbà tí màmá mi gbọ́ àlàyé yìí, ó dìde lórí àga.

"Àkànní, ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé kò lọ síbì kankan? À ń gbé e kiri ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Tí a bá dé ibi tí wọ́n ṣe fún un, a ó dà á nù."

"Ilé epo ni èmi yóò máa lò ní tèmi."

Ìyàwó mi rọra dá sí i: "Màmá, ó ní ọmọrí. Kò ní rùn rárá."

"Ìyàwó mi, gbogbo ohun tó lọ́mọrí kọ́ ni kì í rùn."

Ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ fún ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Òjò ńlá kan tí ó rọ̀ ní aago méjì òru ni ó mú kí ó yí èrò padà, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè ní òwúrọ̀.

Bí a ṣe ń wá ihò

Kò nira láti rí ibùdó ìdà-ẹ̀gbin bí ènìyàn bá mọ ohun tí yóò máa wò. Pátákó àmì kan wà lójú pópó, aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n ya àwòrán ọkọ̀ funfun sí, tí ọfà kan sì kọrí sísàlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá wá a kì í rí i. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ni ojú mi kò ti kúrò lára rẹ̀ mọ́, àní nígbà tí mo bá ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán.

Oríṣiríṣi ibi ni ihò náà máa ń wà. Iowa wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ṣe é sí àwọn ibùdó ìsinmi kan lójú òpópónà márosẹ̀; ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni kò ṣe bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ibùdó àgọ́ ìjọba àti ti aládàáni ni ó ní in, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹni tí ó bá sùn níbẹ̀. Àwọn ilé epo ńláńlá tí àwọn awakọ̀ tírélà ń yà sí náà máa ń ní in. Àwọn ìlú kéékèèké mìíràn a ṣe é sí ọgbà ìgbafẹ́ wọn tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sọ omi ẹ̀gbin di mímọ́. Ibi tí wọ́n bá ti ń gba owó, ó sábà máa ń wà láàrin dọ́là 5 sí 20.

Ibi tí àwòrán orí fóònù ti ń tan ènìyàn jẹ nìyí: pé ibì kan wà lórí máàpù kò fi hàn pé ó ṣí. Ìyàwó mi ni ó ní kí a máa pè kí a tó lọ. Ó tún kọ nọ́ḿbà ibùdó mẹ́fà sínú ìwé kékeré kan, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa pa ènìyàn tì láàrin pápá. Bí ènìyàn bá ń lọ sí ọgbà ńlá ti orílẹ̀-èdè, ó tún gbọ́dọ̀ múra sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Yellowstone, tí ó ti wà láti ọdún 1872, ibùdó kan ṣoṣo tí ń jẹ́ Fishing Bridge ni ọkọ̀ ti lè so họ́ọ̀sì mọ́ páìpù ẹ̀gbin níbi tí ó gúnlẹ̀ sí gan-an. Ẹni tí kò bá rí àyè níbẹ̀ yóò wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sídìí ihò, yóò sì tò bí àwọn ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ibùdó ìsinmi kan lójú òpópónà I-80 ní Iowa ni a ti kọ́kọ́ tú tiwa. Mo wa ọkọ̀ náà títí ẹnu páìpù rẹ̀ fi dọ́gba pẹ̀lú ihò, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sì wọ ìbọ̀wọ́ onírọ́bà tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń jù nù. Họ́ọ̀sì tí ó wà fún iṣẹ́ yìí fẹ̀ ní íǹṣì mẹ́ta. Ó ń nà, ó sì ń sún kì bí ekòló. Mo so orí rẹ̀ kan mọ́ ọkọ̀ títí ó fi há dáadáa, mo ki orí kejì bọ inú ihò, mo sì fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí ó má baà fò jáde. Ẹni tí ó bá fo ìgbésẹ̀ òkúta yìí dá yóò rí ohun tí kò lè gbàgbé.

Táǹkì dúdú ni a kọ́kọ́ ń tú, eléérú ni a ń tú tẹ̀ lé e. Ìdí rẹ̀ ni pé omi ọṣẹ inú táǹkì eléérú ni yóò fọ inú họ́ọ̀sì náà mọ́ bí ó ti ń ṣàn kọjá. Ènìyàn a fa ọwọ́ ìṣí ti táǹkì dúdú, a dúró, a sì fetí sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni yóò sọ ìgbà tí ó tán. Lẹ́yìn náà, a ti èyí pa, a ṣí ti eléérú. Nígbà tí méjèèjì bá ti pa pinpin ni a tó lè tú họ́ọ̀sì lára ọkọ̀, kí a sì gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ kí ohun tí ó kù nínú rẹ̀ lè ṣàn sínú ihò. A ó fi omi ṣan họ́ọ̀sì, a ó fi omi ṣan ilẹ̀ àyíká ihò, a ó dé e, a ó sì fọ ọwọ́ wa pẹ̀lú ọṣẹ. Kí a tó lọ, a ó da omi díẹ̀ padà sínú táǹkì dúdú, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má baà gbẹ.

Àwọn nǹkan mẹ́ta kan wà tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ háyà irú ọkọ̀ yìí mọ̀ kí ó tó kúrò nílé.

Èkínní, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ omi tí ó wà ní ibùdó náà ni a lè mu. Èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò wà fún ìfọhọ́ọ̀sì, àwọn ènìyàn sì ti lè ki ẹnu rẹ̀ bọ inú páìpù ẹ̀gbin wọn. Ẹ má ṣe fi bu omi sínú táǹkì omi mímọ́, ẹ má sì ṣe fi ọwọ́ tí ó di họ́ọ̀sì ẹ̀gbin mú di họ́ọ̀sì omi mímu. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ bí àrùn onígbáméjì ti ń ràn kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Èkejì, bí ẹ bá gúnlẹ̀ sí ibùdó tí ihò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ má ṣe ṣí ẹnu táǹkì dúdú sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Omi yóò ṣàn lọ, èyí tí ó le yóò ṣẹ́kù, yóò sì gbára jọ ní ìsàlẹ̀ táǹkì bí òkìtì ọ̀gán. Ẹ jẹ́ kí ó kún dé ìwọ̀n tí ó ní agbára kí ẹ tó tú u. Omi púpọ̀ àti tíṣù tí ó tètè ń yòrò ni ọ̀rẹ́ táǹkì yìí.

Ẹ̀kẹta, ẹ ka ara ìgò oògùn tí ẹ bá fẹ́ dà sínú rẹ̀ láti pa òórùn. Èyí tí ó ní formaldehyde a máa pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ ẹ̀gbin nínú ṣọ́káwéè. Bí ibùdó náà bá wà ní ìgbèríko, ó ṣeé ṣe kí ṣọ́káwéè ni ihò yẹn ń ṣàn sí, bíi ti ilé bàbá yín. Ẹni tí ó bá pa kòkòrò rẹ̀ ti ba ṣọ́káwéè onílé jẹ́.

Ọmọ mi àkọ́kọ́, Dámilọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́fà, dúró ní ọ̀ọ́kán, ó fi ọwọ́ di imú, ó sì béèrè pé: "Dádì, níbo ló ń lọ?" Mo sọ fún un pé ó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ omi. Ó rò ó wò, ó ní: "Nítorí náà, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń fọ̀ ọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ilẹ̀ burúkú tó rẹwà

A tọ òpópónà I-29 lọ sókè títí a fi dé Sioux Falls, a sì yà sí I-90 níhà ìwọ̀ oòrùn. Ní Chamberlain, ibi tí ojú ọ̀nà ti sọ kalẹ̀ sọ́dọ̀ odò Missouri, a dúró ní ibùdó ìsinmi láti wo ère obìnrin ọmọ ìbílẹ̀ kan tí ó na aṣọ alábùlẹ̀mọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀. Ère náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 50, ìyẹn mítà 15. Dale Lamphere ni ó gbẹ́ ẹ, ọdún 2016 ni wọ́n sì gbé e kalẹ̀ síbẹ̀. Iyì ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Màmá mi ya fọ́tò níwájú rẹ̀ títí fóònù rẹ̀ fi ní kò sí àyè mọ́.

Badlands fúnra rẹ̀ kò jọ ohun tí mo ti rí rí. Pápá koríko tẹ́ lọ bẹẹrẹ, lójijì ni ilẹ̀ sì là, tí àpáta onílà pupa, eléérú àti olómi ọsàn sì ń yọ orí bí ìlú tí iná jó kù. Àwọn Lakota pè é ní mako sica, ilẹ̀ burúkú. Òjò àti afẹ́fẹ́ ń gé e tó íǹṣì kan lọ́dọọdún. Wọ́n sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1939, wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1978. A rí ẹfọ̀n Amẹ́ríkà tí wọ́n ń jẹko bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ni ayé. Òru méjì ni a lò ní ibùdó àgọ́ kan nítòsí ibẹ̀, níbi tí ìràwọ̀ pọ̀ débi pé ọmọ mi kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù.

Nígbà tí a fẹ́ kúrò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, iná táǹkì dúdú ti pọ́n tán pátápátá. Mo wa ọkọ̀ lọ sídìí ihò ibùdó náà. Wọ́n ti fi ṣéènì dè é. Wọ́n kọ ọ́ sí pátákó pé àwọn ti ti ibùdó ìdà-ẹ̀gbin náà pa nítorí pé àwọn ènìyàn ń da pàǹtí sínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi ilẹ̀ àyíká rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdọ̀tí.

Ọkùnrin kan tí ó gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wa ti ka pátákó náà ṣáájú mi. Ó gbà mí nímọ̀ràn pẹ̀lú ẹ̀rín pé kí n dúró kí ilẹ̀ ṣú, kí n wa ọkọ̀ lọ sí ẹ̀bá kòtò ojú ọ̀nà, kí n fà á, kí n sì máa lọ. Ta ni yóò mọ̀?

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ náà kò wọ etí mi. Ilẹ̀ ń ṣú, àwọn ọmọ ti rẹ̀, màmá mi kì í ṣe ọmọdé, ojú ọ̀nà sì dá páropáro. Ó lòdì sí òfin, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá kankan níbẹ̀. Ohun tí mo rí nínú ọkàn mi ni àwọn màlúù tí wọ́n ń mu omi nínú irú kòtò bẹ́ẹ̀ ní àná, àti kànga ilé àgbẹ̀ kan tí a kọjá lẹ́bàá ọ̀nà.

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà fún màmá mi. Kò bínú. Ó kàn bi mí pé, "Ilẹ̀ ta ni?"

"Mi ò mọ̀, Mà."

"Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Wa ọkọ̀ rẹ, Àkànní."

Ìyàwó mi ti ń pe nọ́ḿbà inú ìwé rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ó dáhùn, ilé epo kan tí ó tó kìlómítà 60 sí wa. "Bàbá Dámi, ó ṣí títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Dọ́là 15 ni." A fi òfin lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ títí a ó fi dé ibẹ̀. A dúró lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà ní ilé epo kéékèèké nítorí àwọn ọmọ.

Agbépòó

Nínú òkùnkùn yẹn ni màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀tàn. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí i sí, ní àsìkò tí garawa wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí ilẹ̀kùn kékeré sì wà lẹ́yìn ògiri fún agbépòó láti yọ ọ́. Òru ni agbépòó máa ń wá. Ó máa ń bo ojú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fún wọn ní kékeré ni pé wọn kò gbọdọ̀ fi í ṣẹ̀sín, wọn kò sì gbọdọ̀ di imú níwájú rẹ̀. Bí ọmọ kan bá ṣe bẹ́ẹ̀, agbépòó yóò sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bàbá ọmọ náà, yóò sì máa lọ. Àwọn àgbà ilé ni yóò sáré jáde láti bẹ̀ ẹ́.

"Ó tó kí wọ́n bẹ̀ ẹ́," màmá mi wí. "Bí kò bá wá fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe?"

Nígbà tí a dé ilé epo náà, òṣìṣẹ́ kan ń fi omi ṣan ilẹ̀ àyíká ihò. Ọkọ̀ tí ó kúrò níbẹ̀ ṣáájú wa ti tú họ́ọ̀sì rẹ̀ kí ó tó ti táǹkì pa. Gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀. Ọkùnrin náà sọ fún wa pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀gá òun sì ti ń sọ pé òun yóò dí ihò náà.

Ibẹ̀ ni ohun tí mo ti ń rí láti Iowa ti yé mi. Owó díẹ̀ ni ń wọlé lórí ihò bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tí ó da ẹ̀gbin sílẹ̀ tí ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ kò ní padà sí ìlú yẹn mọ́ láéláé. Ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò bá ṣéènì. Ìyẹn ni pé kò sí ìjìnnà tí ó tó kìlómítà 60 láàrin ibùdó kan àti èkejì tẹ́lẹ̀; ìwà àwọn arìnrìn-àjò ni ó fà á gùn.

Màmá mi sọ̀ kalẹ̀. Ó lọ bá ọkùnrin náà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ó sì kí i ní èdè wa: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ fi ṣàárẹ̀." Ọkùnrin náà wò mí. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan kí ó tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì bá mi fi òkúta tẹ họ́ọ̀sì.

Kí ẹ tó gbéra

Bí ẹ bá ń gbèrò irú ìrìn-àjò yìí, ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa: ìdílé ènìyàn márùn-ún lè kún táǹkì dúdú tí ó gba gálọ́ọ̀nù 30 láàrin ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ má ṣe dúró kí ó kún kí ẹ tó wá ihò. Bí ó bá ti tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, ẹ ti máa pè. Ẹ má gbára lé iná tí ń fi ìwọ̀n hàn jù, nítorí tíṣù a máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, yóò sì máa purọ́. Ẹ ra páálí ìbọ̀wọ́ kan, ìgò ìṣanwọ́ kan, àti họ́ọ̀sì kejì fún ìgbà tí èkínní bá lu. Ẹ kọ orúkọ ibùdó mẹ́ta sílẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ kò ní ọkọ̀ RV, ọ̀rọ̀ náà kàn yín pẹ̀lú. Ọjọ́ tí ọkọ̀ tí ń fa ṣọ́káwéè bá tún wá sí àdúgbò yín, ẹ bi awakọ̀ rẹ̀ léèrè ìbéèrè Dámilọ́lá: níbo ló ń lọ? Ìdáhùn rẹ̀ yóò sọ púpọ̀ fún yín nípa omi tí ẹ ń mu.

Ní ti màmá mi, ó ti padà sí Èkó. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ béèrè ohun tí ó rí ní Amẹ́ríkà, ó fi fọ́tò ère Iyì hàn wọ́n, ó fi ti ẹfọ̀n hàn wọ́n, ó sì sọ fún wọn pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń tú táǹkì. Wọn kò gbà á gbọ́.